Pèpéle onípákó ní ẹ̀yìnkùlé: ohun tí àwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó ń bi mí nípa owó rẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti kan pèpéle onípákó kejì sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọba-Ilé, bóyá ni àlejò kan ti jókòó síbẹ̀ tí kò béèrè pé, "Èló lẹ ná sí i?" Iye tí mo ná kò lè ràn yín lọ́wọ́, torí iye tí wọ́n ń ta igi ní sọ́míìlì lónìí kọ́ ni wọn yóò tà á lọ́la. Ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ ni kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á: igi mélòó, sìmẹ́ńtì àpò mélòó, skúrù mélòó. Ẹ ka ìyẹn sínú ìwé, ẹ mú ìwé náà lọ sọ́jà, iye tó bá jáde lọ́jọ́ náà ni owó yín. Mo ní "kejì" torí pé àkọ́kọ́ ò pẹ́ láyé. Màá sọ bó ṣe jẹ́ nísàlẹ̀.

Kí là ń pè ní pèpéle onípákó gan-an?

Ẹ rántí pèpéle tí àwọn àgbà wa ń fi amọ̀ mọ síwájú ilé, tí wọ́n máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá jẹun tán. Òun náà ni, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni tiwa wà, pákó ni ojú rẹ̀, ó sì dúró lórí òpó kéékèèké kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ ká fún apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórúkọ, ká lè gbọ́ ara wa yé: òpó kọńkéré tó wọlẹ̀, igi àgbéró tó sùn lórí òpó, igi ìdábùú tó sùn lórí àgbéró, àti pákó ojú tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan ni àlejò ń rí, òun nìkan náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá owó fún. Tó bá yá, owó á tán lọ́wọ́ wọn nígbà tí òpó ò tíì jáde nínú ilẹ̀.

Ṣé kò ní dínwó tí mo bá kàn da kọńkéré, tí mo tẹ́ táìlì lé e?

Tí ilẹ̀ yín bá tẹ́jú, ó lè dínwó, mi ò ní purọ́ fún yín. Ikán ò lè jẹ kọńkéré, kò sì ní máa béèrè epo lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ṣe rí, pàápàá ẹ̀yin tí ilé yín wà ní ọ̀nà Ìdànrè: àpáta níhìn-ín, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́hùn-ún. Lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́, kí ẹ tó da kọńkéré, ẹ máa kọ́kọ́ fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri yí i ká, ẹ máa ra erùpẹ̀ típà lé típà, ẹ máa kì í mọ́lẹ̀ kó má baà rì. Owó àtikún ilẹ̀ yìí ló ń mú kí kọńkéré wọ́n ju pákó lọ. Ní ti pákó, òpó apá ìsàlẹ̀ á gùn, ti apá òkè á kúrú, ojú rẹ̀ á tẹ́jú, ó parí.

Ẹ fi rọ́bà tí omi wà nínú rẹ̀ wọn ibi tó ga jù sí ibi tó rẹlẹ̀ jù. Tí ìyàtọ̀ bá ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ, ẹ ṣírò méjèèjì kí ẹ tó pinnu.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye igi tí màá rà?

Ẹ mú bírò. Èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ẹsẹ̀ bàtà 12 ni igi tí wọ́n ń là fún wa ní sọ́míìlì. Ẹni tó bá lọ sọ pé òun fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 13 máa ra igi méjì láti fi bo ẹsẹ̀ bàtà kan tó lé, ìyókù á di igi ìdáná.

Pákó ojú lẹ máa kọ́kọ́ kà. Èyí tí wọ́n ń pè ní ínṣì 6, tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fá a tán, ó máa ń ku bí ínṣì 5 àbọ̀. Ẹ fi àlàfo ìdámẹ́rin ínṣì sáàárín pákó kan sí èkejì kí omi òjò lè rí ibi gbà. Ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ ínṣì 120. Ẹ pín in, pákó 21 ló máa bò ó. Ẹ fi 2 lé e nítorí èyí tó bá wọ́ tàbí tó là, ó di 23.

Igi ìdábùú, 2×6 ni, ìyẹn ínṣì 2 ní nínípọn, ínṣì 6 ní fífẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àárín méjì ju ínṣì 16 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pákó á máa jó lábẹ́ ẹsẹ̀. Láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn jẹ́ 10. Àgbéró jẹ́ ọ̀wọ́ mẹ́ta, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láàárín, igi 2×6 méjì tí wọ́n so pọ̀ sì ni ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: 6. Ẹ fi 2 kún un tó máa dí ẹnu ìdábùú níwájú àti lẹ́yìn. Àpapọ̀ igi 2×6 jẹ́ 18.

Ẹ dákun, ẹ fojú sí ibi yìí. Tí wọ́n bá gé ìdábùú 10 yẹn sí ẹsẹ̀ bàtà 10, gígé mẹ́wàá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ló máa ṣẹ́kù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó o lọ fi dáná kí onílé tó dé láti ibi iṣẹ́. Gígé yẹn lẹ máa fi há àárín ìdábùú kan sí èkejì kí wọ́n má baà yí. Àlàfo 9 ló wà, gígé 10 lẹ ní. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n kó o lọ máa padà lọ ra igi tuntun fún iṣẹ́ kan náà.

Òpó jẹ́ 3 lábẹ́ ọ̀wọ́ àgbéró kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 9. Kòtò òpó fẹ̀ ní ínṣì 18 níbùú lóòró, ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ da kọńkéré ínṣì 9 sí ìsàlẹ̀ kòtò, kí òpó tó nípọn ní ínṣì 9 wá jáde lórí rẹ̀ títí á fi yọ ẹsẹ̀ bàtà kan sókè ilẹ̀. Tí ẹ bá po ó ní sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, òkúta 4, gbogbo rẹ̀ á gba bí àpò 5. Ẹ ra 6. Màá sọ ohun tí ẹ máa fi ìkẹfà ṣe.

Ó ku skúrù. Pákó kan máa kọjá lórí igi 10, skúrù 2 níbi kọ̀ọ̀kan, 20 nìyẹn. Pákó 21 á gba 420. Ẹ ra 500, kí ẹ sì ra èyí tí kì í dípẹtà. Ẹ má fi ìṣó lásán dín owó kù níbí: bí pákó bá ṣe ń wú lójò tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ìṣó á máa yọrí díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọdé ló sì máa kọ́kọ́ rí i.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìnáwó tí kì í sábà wọ ìwé: irin àti bóòtù tó máa so àgbéró mọ́ òpó, owó ìfági, owó àwọn tó máa kó igi sọ́kọ̀, owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, pẹtiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ máa jó kí ẹ̀rọ káfíńtà tó ṣiṣẹ́, oògùn ikán, epo pákó, búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, ẹ ro ó pọ̀, ẹ wá fi ìdámẹ́wàá rẹ̀ lé e fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀. Tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ilẹ̀ olókùúta, ẹ jẹ́ kó jẹ́ náírà 15 lórí 100 kọ̀ọ̀kan.

Igi wo ni kí n rà?

Ìrókò, apá àti tíìkì ni ikán kì í tètè rí jẹ. Arère, afàrà àti àràbà, ẹ má gbé wọn síta rárá. Wọ́n wúlò nínú ilé, àmọ́ òjò àti ikán kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Arère fúyẹ́, ó funfun, èékánná yín á sì wọ̀ ọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Ìrókò pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Igi tó le nínú rẹ̀ ni àárín, tó pọ́n bí oyin tàbí tó ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí rẹ̀ tó funfun, tó wà nítòsí èèpo, ikán ń jẹ ẹ́ bí ó ṣe ń jẹ igi yòókù, bẹ́ẹ̀ náà ni ti tíìkì. Nítorí náà tí wọ́n bá ní "ìrókò ni, ọ̀gá", ẹ yí igi náà ká lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì yọ èyí tí funfun rẹ̀ pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti igbó àti ìmọ̀ igi. Ẹni tó bá ní ojúlùmọ̀ níbẹ̀ lè gbé gígé kékeré lọ kí wọ́n bá a wò ó.

Tí owó ò bá ká ìrókò fún gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ra igi tó dáa sí. Pákó ojú tó bá bàjẹ́, skúrù 20 péré lẹ máa tú, ẹ ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí àgbéró bá jẹrà, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ tú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é ní òdìkejì, torí pé òkè ni àlejò ń rí.

Kí ló ṣe pèpéle yín àkọ́kọ́?

Mo kó owó igi àti owó iṣẹ́ lé káfíńtà kan lọ́wọ́ pọ̀, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti kan án tán, ó ti fi fáníìṣì dúdú kùn ún, ó ń dán, ó jọ ìrókò lójú mi. Mi ò wo abẹ́ rẹ̀. Igi ló rì mọ́ ilẹ̀ ní òpó, kò sí kọńkéré kankan.

Nígbà òjò ọdún kejì, ìyá ìyàwó mi wá kí wa. Wọ́n gbé abọ́ iyán lọ́wọ́ wọ́n ń bọ̀ wá síta. Bí wọ́n ṣe tẹ pákó kẹta láti ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn wọlẹ̀ dé orúnkún. Ọlọ́run ló yọ wá. Ara bó, egungun ò ṣẹ́. Nígbà tí a gbé wọn jókòó tán, mo padà lọ gbé pákó náà. Òkè rẹ̀ ṣì ń dán. Inú rẹ̀ ti di ihò tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba gígùn rẹ̀ kọjá, erùpẹ̀ pupa kún inú ihò. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wó bíi bísíkíìtì tó bọ́ sómi. Fáníìṣì yẹn nìkan ló kù tó dì í mú. Mo wo òpó, ọ̀nà ikán ti gùn ún láti ilẹ̀ dé òkè, ó nípọn tó pẹ́ńsù.

Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ ìyá. Wọ́n ní kí n dìde, pé kò sí nǹkan kan. Àmọ́ títí dòní, wọ́n máa ń fi ọ̀pá kan pákó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ìyẹn sì ń dùn mí ju owó tó ṣòfò lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ abẹ́ rẹ̀ tó báyìí.

Ohun tí mo wá ṣe lórí òpó tuntun ni pé mo gé páànù, mo fi dé orí òpó kọńkéré kọ̀ọ̀kan kí igi tó sùn lé e, mo jẹ́ kí etí páànù yọ jáde yí ká, mo sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀. Ikán lè gun kọńkéré, àmọ́ ó máa ní láti la ọ̀nà rẹ̀ yí etí páànù ká, níbi tí ojú ti máa rí i. Owó páànù yẹn kéré jù nínú gbogbo ìnáwó mi.

Káfíńtà ní kí n kó owó gbogbo fóun, òun á ra igi. Ṣé kí n gbà?

Ẹ má gbà. Ẹ bá a lọ, ẹ mú tépù dání, ẹ wọn igi níṣojú ẹni tó ń tà á. Igi tí wọ́n pè ní 2×6, ẹ lè wọ̀n ọ́n kó jẹ́ ínṣì kan àbọ̀ ní nínípọn. Ẹ ka iye rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀, ẹ tún un kà tó bá bọ́ sílẹ̀ nílé.

Owó iṣẹ́, ẹ pín in sí mẹ́ta: ọ̀kan tí òpó àti àgbéró bá dúró, ọ̀kan tí ìdábùú bá wà ní ipò, èyí tó kù tí ẹ bá ti rìn lórí rẹ̀ láti igun dé igun. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ díẹ̀ lè ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ tìkejì. Ẹ má fọwọ́ ara yín fún káfíńtà lọ́rùn nídìí owó iṣẹ́. Ẹni tí ẹ bá ná títí tí èrè rẹ̀ fi tán, inú igi yín ló ti máa wá a.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dáa?

Ẹ ra igi ní Oṣù Kọkànlá tí òjò bá ti ń lọ. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìpele kan sí èkejì kí atẹ́gùn ráàyè. Ọyẹ́ á bá yín gbẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Oṣù Kejì, ẹ kàn án, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Igi tútù tí wọ́n bá kàn lójú ẹsẹ̀ máa sún kì nígbà tó bá gbẹ, àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀ á fẹ̀, òmíràn á wọ́, á sì fa skúrù tu. Nígbà òjò pẹ̀lú, ọ̀nà inú igbó máa ń bàjẹ́, ọkọ̀ agégi máa ń rì, igi sì lè wọ́n.

Kànga àti sókàwéè wà ní ẹ̀yìnkùlé mi. Ṣé mo lè kan pákó kọjá lórí wọn?

Kànga, rárá. Ẹ fún un láyè tirẹ̀. Sókàwéè ṣeé ṣe, tí ẹ ò bá gbẹ́ kòtò òpó sí etí rẹ̀, tí ẹ sì ṣe ibi kan tó ṣeé ṣí lókè ẹnu rẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí máa dé, tí wọ́n bá sì bá pákó tí wọ́n kàn pa, ayùn ni wọ́n máa fi ṣí i.

Bí a bá ń gbẹ́ kòtò tí a kan àpáta ńkọ́?

Ẹ má sanwó fún ẹni tó ní òun á fọ́ ọ. Àpáta tó fìdí múlẹ̀, tí kò mì, ìpìlẹ̀ ni fúnra rẹ̀. Ẹ fọ ojú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n lu ihò sí i, kí wọ́n ki irin bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì da òpó sórí rẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé àpáta ni, kì í ṣe òkúta ńlá tó kàn sùn sínú erùpẹ̀.

Ṣé a lè yan àsun lórí rẹ̀?

Mo mọ̀ pé ará Oǹdó ló máa béèrè èyí, ẹ ò sì jẹ̀bi. Èwo ni ká jókòó síta nírọ̀lẹ́ láìsí àsun? Ẹ má gbé ààrò eléèédú sórí pákó tí ẹ ti fi epo kùn. Àpò sìmẹ́ńtì kẹfà tí mo ní kí ẹ rà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyí: ẹ fi da kọńkéré kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú lóòró, ínṣì 4 ní nínípọn. Àpò kan á tó o. Ẹni tó ń yan ẹran á dúró síbẹ̀, ẹ̀yin tó kù á jókòó sórí pákó, ẹ ó sì jọ máa sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní kí n fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò kun igi, pé ó dínwó.

Ó dínwó, àmọ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ yín àti aṣọ àlejò ló máa nù ún, òjò á sì fọ èyí tó kù wọ ilẹ̀ tí kànga yín ń fa omi látinú rẹ̀. Fáníìṣì náà kì í pẹ́ níta, oòrùn máa ń là á, omi á wọ abẹ́ rẹ̀. Epo tí wọ́n ṣe fún pákó ìta ni kí ẹ rà, èyí tó ń wọ inú igi.

Ṣé ó gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́tì, ìyẹn igi tí wọ́n ń kàn yí etí rẹ̀ ká kí èèyàn má baà ṣubú?

Tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ lọ, tàbí tí ọmọdé tàbí àgbàlagbà bá wà nílé, bẹ́ẹ̀ ni. Igi tirẹ̀ ò sí nínú ìṣirò òkè yẹn, ẹ kà á lọ́tọ̀.

Owó mi ò tó. Ṣé mo lè ṣe é díẹ̀díẹ̀?

Ó ṣeé ṣe dáadáa, tí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa ti dúró. Òpó kọńkéré lè wà nínú òjò fún ọdún kan láìsí ewu. Tí àjọ bá kàn yín lọ́dún yìí, ẹ fi da òpó. Igi tí ẹ bá rà lè wà lábẹ́ òrùlé. Ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró sí ni àárín méjèèjì: kí ìdábùú wà lórí òpó, kí owó pákó má tíì sí, kí òjò máa lu orí igi ní ìhòòhò.

Ohun mìíràn tó tún wà ni pé kí ẹ dín in kù. Èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 6, tí igi rẹ̀ dáa, gba àga mẹ́rin àti tábìlì. Ẹ lè fi òpó sílẹ̀ fún ìyókù kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti yáwó elé gọbọi nítorí ibi ìjókòó.

Ilé àyágbé ni mò ń gbé.

Ẹ bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa ni igi lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde.

Tó bá ti parí, èló ló máa máa ná mi lọ́dọọdún?

Owó epo pákó, àti ọjọ́ kan nínú Oṣù Kejì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbá inú àlàfo, torí ewé tó bá dí ibẹ̀ máa ń gbé omi dúró. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ wo etí páànù òpó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Tí ẹ bá rí ọ̀nà ikán, ẹ fọ́ ọ, ẹ fi oògùn sí i, kí ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ẹ fi òòlù kan pákó kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo, ẹ tú u lọ́jọ́ náà. Tí pákó méjì tí ẹ fi lé e lọ́jọ́ ìrajà bá ṣẹ́kù, ẹ má tà á, ẹ má sì fi tọrẹ. Tèmi wà lókè àjà, a ti lo ọ̀kan.